Kókó Kékeré Tó Ń Mú Kí Ẹ̀jẹ̀ Ru Lójijì

Ní ọdún 1886, dókítà Felix Fränkel ti ìlú Freiburg, lórílẹ̀-èdè Jámánì, kọ̀wé nípa ọmọbìnrin ẹni ọdún 18 kan. Lójijì ni àyà rẹ̀ máa ń lù kìkì, tí orí a sì máa fọ́ ọ. Ọmọ náà kú. Nígbà tí wọ́n yẹ òkú rẹ̀ wò, wọ́n rí kókó lára ẹṣẹ́ méjèèjì tó wà lórí kíndìnrín rẹ̀.

Pheochromocytoma ni àwọn oníṣègùn ń pe kókó yìí. Ó ṣọ̀wọ́n gan-an: nínú mílíọ̀nù kan èèyàn, bí ẹni 2 sí 8 ni a ń rí i lára wọn lọ́dún. Bí ẹ̀rù bá bà wá, ẹṣẹ́ yìí a tú adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n kókó náà a máa tú u jáde yàlàyàlà láìsí ohun tó ń bani lẹ́rù. Ẹ̀jẹ̀ a ru, orí a fọ́, òógùn a bo èèyàn. Lẹ́yìn náà, ohun gbogbo a rọlẹ̀. Abájọ tí àwọn kan fi ń rò pé ìpayà lásán ni.

Báwo la ṣe ń dá a mọ̀? Dókítà a yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, tàbí ìtọ̀ tí aláìsàn kó jọ fún wákàtí 24, láti mọ̀ bóyá metanephrine, èròjà tí adrenaline máa ń yí padà dà, ti pọ̀ jù. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ CT tàbí MRI á fi ibi tí kókó náà wà hàn.

Iṣẹ́ abẹ ni ìtọ́jú rẹ̀, àmọ́ kì í ṣe iṣẹ́ ìkánjú. Bí abẹ bá kan kókó náà láìsí ìmúrasílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè ru débi tí yóò pani. Nítorí náà, fún ọjọ́ 7 sí 14, ó kéré tán, aláìsàn a kọ́kọ́ lo oògùn alpha-blocker, tó ń mú kí òpójẹ̀ dẹ̀. Oògùn beta-blocker, tó ń dín bí ọkàn ṣe ń sáré kù, kò gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀.

Ní ọdún 2007, àwọn olùṣèwádìí fi hàn pé àbùkù wà nínú apilẹ̀ àbùdá àwọn ìbátan ọmọbìnrin Freiburg yẹn. Àrùn náà lè wà nínú ìdílé. Ó yẹ kí ẹni tó bá ní in béèrè àyẹ̀wò apilẹ̀ àbùdá, kí àwọn ẹbí rẹ̀ lè mọ̀ ṣáájú.

Kì í ṣe gbogbo orí fífọ́ ló jẹ́ àrùn yìí, a ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fòyà. Síbẹ̀, bí ẹ̀jẹ̀ ọ̀dọ́ kan bá ń ru tó ń rọlẹ̀, tí oògùn kò sì ràn án, ẹ jẹ́ ká bi dókítà léèrè.