Owó pápá ìṣeré: ta ni yóò san án bí ilé bá ń pọ̀ sí i?

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ wo àdúgbò tuntun tí ẹ̀ ń gbé. Kí wọ́n tó ta ilẹ̀ ibẹ̀ tán, ṣé ẹnikẹ́ni fi ibì kan sílẹ̀ tí àwọn ọmọ yóò ti máa gbá bọ́ọ̀lù? Ọ̀pọ̀ wa ni yóò dáhùn pé rárá, ojú títì ni wọ́n ti ń gbá a. Ìdí nìyí tí a fi wo ohun tí wọ́n ń ṣe ní ìpínlẹ̀ California, l'Amẹ́ríkà, níbi tí òfin ti gbé ẹrù yìí lé ẹni tó ń gé ilẹ̀ tà lórí.

Lọ́dún 1965 ni wọ́n ṣe òfin náà, Quimby Act ni wọ́n ń pè é. Ìlú lè pàṣẹ fún ẹni tó fẹ́ gé ilẹ̀ sí pílọ́ọ̀tì pé kó yọ̀ǹda ilẹ̀ fún pápá ìṣeré, tàbí kó san owó dípò rẹ̀. Àwọn kọ́lékọ́lé pe ìlú Walnut Creek lẹ́jọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n lọ́dún 1971, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ náà dá ìlú láre.

Wọn kì í kàn fẹnu lásán dá iye owó. Éékà 3 fún 1,000 èèyàn ni òfin wí. Ìlú tí pápá rẹ̀ ti ju bẹ́ẹ̀ lọ tẹ́lẹ̀ lè gbé e dé 5. Ká ní ẹnì kan fẹ́ kọ́ ilé 100, tí èèyàn 3 yóò máa gbé inú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èèyàn 300 nìyẹn, ilẹ̀ tó tọ́ sí wọn kò pé éékà kan, 0.9 ni. Bí éékà kan bá ń lọ ní mílíọ̀nù kan dọ́là níbẹ̀, $900,000 ni yóò san, ìyẹn $9,000 lórí ilé kọ̀ọ̀kan. Lọ́dọ̀ wa, níbi tí a ti sábà máa ń gé éékà kan sí pílọ́ọ̀tì mẹ́fà, ilẹ̀ náà kò ju pílọ́ọ̀tì márùn-ún ààbọ̀ lọ. Fún odidi ọgọ́rùn-ún ilé!

Àmọ́ oníṣòwò kì í fi èrè ara rẹ̀ san án bó bá rí ẹni tó lè dì í rù. Ẹni tó ra ilé ló sábà máa ń bọ́ sí lọ́rùn.

Èyí tó dùn wá jù ni pé ibi tí ilé tuntun bá wà ni owó náà ń lọ. Àdúgbò àtijọ́ tí àwọn tálákà pọ̀ sí, tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ilé sí mọ́, kì í rí nǹkan kan. Lọ́dún 2013 ni wọ́n tún òfin ṣe, kí wọ́n lè mú lára owó náà lọ síbi tí pápá kò ti tó, bí wọ́n bá tẹ̀lé ìlànà kan. Ní Los Angeles, wọ́n yí òfin tiwọn padà lọ́dún 2016 kí ilé tí wọ́n kọ́ fún àwọn ayálégbé náà lè máa san.

A fẹ́ràn ti ọdún márùn-ún. Bí ìlú bá gba owó, tí kò yà á sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ kan láàárín ọdún 5, ó gbọ́dọ̀ dá a padà fún àwọn tó ni ilẹ̀ náà nígbà yẹn. Ṣé àwọn tó ń gba owó ìwé àṣẹ ilé kíkọ́ lọ́wọ́ wa níhìn-ín lè gbà bẹ́ẹ̀? Wọn kò sì gbọdọ̀ fi í san owó oṣù ẹni tó ń gé koríko. Kíkọ́ pápá tàbí títún un ṣe ló wà fún. Owó koríko, ìlú ni yóò wá a níbòmíràn.