Pípín Ìsokọ́ra Kọ̀ǹpútà sí Àdúgbò

Ẹni tí ń mú lẹ́tà lọ sí ilé-iṣẹ́ ní agbègbè Ìkẹjà àti Agége a kọ́kọ́ wá òpópónà, ì báà ṣe Ọba Akran tàbí òmíràn, kí ó tó wá nọ́ńbà ojúlé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti kọ̀ǹpútà. Olúkúlùkù wọn ní àdírẹ́sì, bí àpẹẹrẹ 192.168.10.70. Apá ìṣáájú dúró fún òpópónà, apá ìkẹyìn fún ojúlé.

Ojúlé òpópónà bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 0 títí dé 255, èyí tí í ṣe 256. A kì í fi méjì nínú wọn fún kọ̀ǹpútà kankan: ti ìṣáájú dúró fún òpópónà fúnra rẹ̀, ti ìkẹyìn sì wà fún ìkéde. Bí ọ́fíìsì, ẹ̀rọ tí ń ṣe ọjà, ilé ìkẹ́rù àti fóònù àlejò bá jọ wà níbẹ̀, àrùn kọ̀ǹpútà lè ti ọ̀dọ̀ àlejò dé ìdí ẹ̀rọ.

Nítorí náà ni a ṣe ń pín òpópónà náà sí àdúgbò tí a ń pè ní subnet, gẹ́gẹ́ bí ìlànà tí a fi lélẹ̀ ní ọdún 1985. Bí a bá pín 256 sí ọ̀nà mẹ́rin, 64 ni yóò kan ọ̀kọ̀ọ̀kan, a ó sì lè lo 62 nínú rẹ̀. Ọ́fíìsì lè gba 0 sí 63. Ẹ̀rọ, 64 sí 127. Ilé ìkẹ́rù, 128 sí 191. Àlejò, 192 sí 255. Nọ́ńbà tí ń fi ààlà han kọ̀ǹpútà ni subnet mask, èyí tí í ṣe 255.255.255.192 níhìn-ín: bí a bá yọ 64 kúrò nínú 256, 192 ni yóò kù. Nípa bẹ́ẹ̀, 192.168.10.70 jẹ́ ará àdúgbò ẹ̀rọ. Ohun tí ó bá ń ti àdúgbò kan lọ sí òmíràn gbọ́dọ̀ gba ọ̀dọ̀ router, tí í ṣe oníbodè.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ní oṣù kẹfà ọdún 2017, àrùn NotPetya wọ inú ìsokọ́ra kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ Mondelez, iṣẹ́ sì dúró ní ilé-iṣẹ́ ṣokoléètì Cadbury tí ó wà ní Hobart, ní ilẹ̀ Ọsirélíà.

Ṣùgbọ́n pípín nọ́ńbà nìkan kò tó. A gbọ́dọ̀ ya ojú ọ̀nà àdúgbò kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ lórí switch, kí a sì pàṣẹ fún oníbodè nípa ohun tí ó lè kọjá àti èyí tí kò gbọdọ̀ kọjá. Ó yẹ kí gbogbo ọ̀gá ilé-iṣẹ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ wọn bóyá fóònù àlejò àti ẹ̀rọ ń gbé àdúgbò kan náà. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀.