Tredegar: Ìlú awakùsà tó fi àjọ pẹ́nì kọ́ Ìlú Ọba ní ìtọ́jú aláìsàn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, àjèjì ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyèméjì lórí ọ̀rọ̀ yìí, kí ó bi àwọn tí wọ́n ṣe kékeré ní Tredegar, ìlú kékeré kan tó wà ní àfonífojì odò Sirhowy, ní gúúsù ilẹ̀ Wales. Ohun tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìlú náà fi ojú èwe rí ló padà di ètò ìlera tí tolówó ttálákà ń jẹ àǹfààní rẹ̀ ní Ìlú Ọba lónìí.

Irin ló kọ́kọ́ sọ Tredegar di ìlú. Ní 1800 ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ ìyọ́rin sílẹ̀ níbẹ̀, tí àwọn òṣìṣẹ́ sì ń rọ́ wá láti ibi gbogbo. Nígbà tó yá, èédú gba iwájú irin. Títí di òní olónìí, aago ńlá onírin tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 1858 ṣì dúró gbagidi láàrin ìlú náà.

Fèrè, èédú àti ọpọ́n ìwẹ̀

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, fèrè ibi ìwakùsà ló máa ń jí ọmọdé ní irú ìlú bẹ́ẹ̀. Kò ní pẹ́ tí bàtà àwọn bàbá yóò fi máa ró kò-kò-kò lójú títì. Ilé kéékèèké tí wọ́n kọ́ mọ́ra wọn ni wọ́n ń gbé, tó fi jẹ́ pé ògiri lágbájá ni ògiri tàmẹ̀dù. Bí ẹnì kan bá wúkọ́ lóru, ará ilé kejì yóò gbọ́.

Bí bàbá bá ti inú kòtò èédú dé, dúdú ni láti orí dé ẹsẹ̀, ojú àti eyín rẹ̀ nìkan ló ń funfun. Kí ilé ìwẹ̀ tó di ohun tó gbilẹ̀ ní ibi ìwakùsà, inú ọpọ́n páànù ńlá níwájú iná ni bàbá ti ń wẹ̀. Ìyá ló ń gbé omi kaná, àwọn ọmọ ló ń bá a gbé e. Ohun kan wà tó máa ń ya àlejò lẹ́nu: ọ̀pọ̀ awakùsà kì í gbà kí wọ́n fọ ẹ̀yìn àwọn. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé ẹni tó bá ń fọ ẹ̀yìn lójoojúmọ́, ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ yóò di aláìlágbára.

Èédú tó jẹ́ ẹ̀tọ́ awakùsà, iwájú ilé ni wọ́n máa ń dà á sí, iṣẹ́ àwọn ọmọ sì ni láti fi garawa kó o wọlé. Bí wọ́n bá ṣe tán, ó di orí òkìtì ìdọ̀tí èédú, níbi tí wọ́n ti ń ṣeré títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Bó bá di ọjọ́ Ìsinmi, aṣọ iyì ni wọ́n ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí tọmọdé tàgbà ti ń kọrin ní ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ọdún 1926 kò ṣeé gbàgbé fún àwọn ọmọ ìgbà náà. Lọ́dún ọ̀hún, àwọn tó ni kòtò èédú ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó kọ̀ kí wọ́n dín owó wọn kù, ó sì lé ní oṣù mẹ́fà kí ìjà náà tó parí. Ìkòkò àjùmọ̀sè ni ọ̀pọ̀ ọmọdé ti ń jẹun. Síbẹ̀, kò sí ibi tí wọn kì í dáná alẹ́: àwọn ará àfonífojì náà ń to ẹgbẹ́ onífèrè jọ, wọ́n ń wọ aṣọ aláràbarà yí ìlú ká.

Ikú kò jìnnà sí wọn

Kì í ṣe eré nìkan ni wọ́n rántí o. Lórí òkè tó wà lẹ́yìn ìlú ni itẹ́ òkú Cefn Golau wà, níbi tí wọ́n sin àwọn tí àrùn onígbáméjì pa ní 1832 àti 1849 sí. Bẹ́ẹ̀ ni kòtò èédú kò yé pa ènìyàn, ẹni tí kò sì pa lójú ẹsẹ̀, ekuru rẹ̀ lè dí i lẹ́dọ̀fóró títí tí mímí yóò fi di iṣẹ́ ńlá.

Bí àìsàn bá dé, owó dókítà ń kọ́? Òfin tí ìjọba ṣe ní 1911 mú kí òṣìṣẹ́ rí dókítà lọ bá, ṣùgbọ́n kò kan ìyàwó rẹ̀, kò sì kan ọmọ rẹ̀. Ibí yìí gan-an ni àwọn ará Tredegar ti fi ọgbọ́n yọ. Láti 1890 ni wọ́n ti ní ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Medical Aid Society. Pẹ́nì díẹ̀ ni òṣìṣẹ́ ń dá lórí pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan tó bá gbà, nígbà tó jẹ́ pé 240 pẹ́nì ló ń jẹ́ pọ́n-ùn kan. Owó yìí ni wọ́n fi ń san owó dókítà àti nọ́ọ̀sì, títí kan dókítà eyín. Àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn ló ń darí ẹgbẹ́ náà, tọkọ taya tọmọ ló sì ń jẹ àǹfààní rẹ̀.

Dókítà A. J. Cronin, tó ṣiṣẹ́ ní ìlú náà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1920, fi ìrírí rẹ̀ ní àfonífojì Wales kọ ìwé ìtàn The Citadel, tó jáde ní 1937.

Akólòlò tó di mínísítà

Inú ìlú yìí ni wọ́n bí Aneurin Bevan sí lọ́jọ́ 15, oṣù kọkànlá, 1897. Awakùsà ni David, bàbá rẹ̀. Ọmọ mẹ́wàá ni Phoebe, ìyá rẹ̀, bí, àmọ́ àwọn kan nínú wọn kú ní kékeré. Aneurin máa ń kólòlò, ilé ìwé kò sì bá a lára mu. Kò ju ọmọ ọdún mẹ́tàlá lọ tó fi wọ inú kòtò èédú Tytryst. Ilé ìkàwé àwọn òṣìṣẹ́ ló di yunifásítì rẹ̀. Ìwé tó bá yá níbẹ̀ ló ń kà mọ́jú.

Ní 1925, àìsàn ekuru èédú pa bàbá rẹ̀, ọwọ́ Aneurin ló sì kú sí. Ẹbí kò rí gbà-máà-bínú kankan gbà, torí òfin ìgbà náà kò ka àìsàn ọ̀hún mọ́ àìsàn iṣẹ́. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, Bevan wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Nígbà tó di 1945, wọ́n fi í ṣe mínísítà ètò ìlera.

Ẹgbẹ́ àwọn dókítà bá a fà á gan-an, àmọ́ kò yẹsẹ̀. Lọ́jọ́ 5, oṣù keje, 1948, ètò ìlera NHS bẹ̀rẹ̀, tí aláìsàn kò ní láti mú owó dání kí dókítà tó dá a lóhùn. Bevan kò fi bò pé ohun tí àwọn ará Tredegar ti ń jẹ tipẹ́ lòun fẹ́ kí gbogbo ìlú jẹ. Ó kú ní 1960. Lórí òkè tó wà lẹ́yìn ìlú rẹ̀, òkúta ńláńlá mẹ́rin ni wọ́n rì mọ́lẹ̀ ní ìrántí rẹ̀.

Kòtò èédú Tredegar ti di ìtàn báyìí. Ṣùgbọ́n ètò tó ti inú rẹ̀ jáde ṣì wà, ọ̀pọ̀ dókítà àti nọ́ọ̀sì ọmọ Yorùbá ló sì ń jẹun lábẹ́ rẹ̀. Nílé níbí, òfin tí ìjọba Nàìjíríà ṣe ní 2022 ní kí gbogbo ènìyàn ní ìdójútòfò ìlera, síbẹ̀ àpò ara wọn ni ọ̀pọ̀ ṣì ń tọwọ́ bọ̀ bí wọ́n bá délé ìwòsàn. Yorùbá kò ṣàì mọ àjọ, wọ́n mọ èésú, wọ́n sì mọ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. Wọ́n ń fi ra ilẹ̀, wọ́n ń fi ra ankara. Awakùsà tí kò ní ju owó ọ̀sẹ̀ rẹ̀ lọ ló fi tirẹ̀ ra ìlera ọmọ rẹ̀. Ta ni yóò kọ́kọ́ dá irú àjọ bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò tiwa?