Nítorí iná tí kò tàn: Bí òkùnkùn ṣe ń dá bàálù dúró, tó sì ń kó ẹ̀mí èèyàn séwu

Ẹni tó bá ti wọ mọ́tò láti Ìṣẹ́yìn lọ sí Ìjìó lẹ́yìn aago méje alẹ́ rí, olúwarẹ̀ á mọ ohun tí wọ́n ń pè ní òkùnkùn. Bí oòrùn bá ti wọ̀ lápá ibẹ̀, iná mọ́tò yín nìkan lẹ máa rí, àfi bí iná orí ọdẹ bá ṣẹ́jú fìrí láàárín ọ̀dàn. Dẹ́rẹ́bà á ranjú sọ́nà, èrò ẹ̀yìn kò ní í sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n mọ́tò ṣeé dá dúró. Dẹ́rẹ́bà lè pa á sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, kó sọ̀ kalẹ̀, kó fi tọ́ọ̀ṣì wo iwájú. Bàálù ńkọ́? Ta ló lè pa bàálù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà lókè, kó ní òun fẹ́ẹ́ wo ibi tí òun dé?

Ẹ jẹ́ ká ní ọmọ Ìjìó kan ń ṣiṣẹ́ l'Abuja. Wọ́n pè é nírọ̀lẹ́ pé bàbá rẹ̀ kò lè dìde mọ́, kó máa bọ̀ kíákíá. Owó bàálù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìbàdàn ló yẹ kó já sí, nítorí pápákọ̀ òfurufú Samuel Ladoke Akintola tó wà níbẹ̀ ló wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, Ìbàdàn wà lára àwọn pápákọ̀ tó jẹ́ pé oòrùn ló ń ti ilẹ̀kùn wọn. Ti Àkúrẹ́ náà wà níbẹ̀. Bílẹ̀ bá ti ṣú, bàálù kò ní í balẹ̀ síbẹ̀ mọ́. Kí ló fà á? Kò sí iná tó yẹ lójú ọ̀nà tí bàálù ń sá lé, èyí tí wọ́n ń pè ní rọ́ńwéè. Ọmọ náà á gba Èkó lọ, tàbí kó dúró di àárọ̀. Bàbá tó dùbúlẹ̀ n'Ìjìó ńkọ́? Ṣé òun náà lè dúró di àárọ̀?

Bẹ́ẹ̀ Èkó tí a ní ojú là sí yìí náà, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Rọ́ńwéè méjì ló wà ní pápákọ̀ Murtala Muhammed n'Ìkẹjà. Èyí tó wà lápá ọ̀dọ̀ àwọn bàálù tó ń ná inú ilẹ̀ wa, tí wọ́n ń pè ní 18L, lò ju ọdún mẹ́wàá lọ láìsí iná lójú rẹ̀. Bó bá ti di ìrọ̀lẹ́, gbogbo bàálù á lọ rọ́ sórí rọ́ńwéè kejì tó jẹ́ ti àwọn tó ń lọ sókè òkun. Lẹ́yìn tí wọ́n bá balẹ̀ tán, wọ́n á tún máa rákò bọ̀ bí ìgbín títí wọn yóò fi dé ibi tí èrò ti ń sọ̀. Epo ń jó, àsìkò ń lọ, èrò ń kùn. Oṣù keje ọdún 2022 ni àjọ FAAN tó ń bójú tó àwọn pápákọ̀ wa ti rọ́ńwéè náà pa láti ri iná mọ́ ọn. Nígbà tí oṣù kọkànlá ọdún náà ń parí lọ ni wọ́n ṣí i padà, tí bàálù sì bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀ síbẹ̀ lálẹ́.

Àwọn kan lè ní, ṣé torí kí èrò má pẹ́ délé nìkan ni? Rárá o. Ẹ rántí ọjọ́ kẹwàá, oṣù kejìlá, ọdún 2005. Bàálù Sosoliso gbéra l'Abuja, ó ń lọ sí Port Harcourt. Èèyàn 110 ló wà nínú rẹ̀. Ọgọ́ta nínú àwọn tó kú jẹ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Loyola Jesuit College tó ń lọọ lo Kérésì lọ́dọ̀ òbí wọn. Èèyàn 108 ló kú, àwọn méjì péré ló yè é. Ká sòótọ́, àwọn tó wádìí ìjàǹbá náà kò ní iná nìkan ló fà á. Wọ́n ní awakọ̀ ń bọ̀ nílẹ̀ nígbà tí kò tíì rí rọ́ńwéè, ìjì ń jà, òjò ń rọ̀, bàálù sì lọ kọ lu kọnkéré ojú àgbàrá tó wà ní gbangba. Ṣùgbọ́n wọ́n fi kún un pé iná pápákọ̀ náà kò sí ní títàn, ó sì ṣeé ṣe kí ìyẹn wà lára ohun tí kò jẹ́ kí awakọ̀ rí ọ̀nà. Ẹ sì wò ó o, aago méjì ọ̀sán kọjá díẹ̀ ni. Òjò ti sọ ọ̀sán di alẹ́.

Àwọn iná yìí kì í ṣe iná ẹ̀ṣọ́. Èdè ni wọ́n ń sọ, àwọ̀ ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Iná àwọ̀ ewé tó tò sí ẹnu rọ́ńwéè ń sọ fún awakọ̀ pé, “Ibí ni kóo wọlé.” Funfun tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, àlàfo àárín ọ̀kan sí èkejì kì í ju ọgọ́ta mítà lọ. Bó bá ku nǹkan bí 600 mítà kí ọ̀nà tán, funfun ẹ̀gbẹ́ á di yẹ́lò. Pupa ló wà ní ìparí, ìyẹn ni pé ilé ti tán. Búlúù ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tí bàálù ń gbà rìn lọ síbi tó fẹ́ẹ́ dúró sí. Iná mẹ́rin kan tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rọ́ńwéè tí wọ́n ń pè ní PAPI. Bí awakọ̀ bá rí funfun méjì, pupa méjì, ó ń bọ̀ dáadáa nìyẹn. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá funfun, ó ti ga jù. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá pupa, ó ti wálẹ̀ jù, kó yáa sáré gbé imú sókè.

Ẹni tí kò bá gbọ́ èdè yìí, tàbí tó gbọ́ tí kò kọbi ara sí i, yóò rí ohun tí ojú rẹ̀ ń wá. Ní Amẹ́ríkà, ní ìlú Lexington, lọ́jọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹjọ, ọdún 2006, ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí bàálù Comair ṣìnà bọ́ sórí rọ́ńwéè kúkúrú tí kò níná. Ìkejì awakọ̀ tilẹ̀ sọ ọ́ lẹ́nu pé ó ya òun lẹ́nu pé kò síná níbẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ sì gbà bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ wọ́n sá a lọ. Ọ̀nà tán kí bàálù tó gbéra tán. Nínú èèyàn àádọ́ta tó wà nínú rẹ̀, ìkejì awakọ̀ yẹn nìkan ló yè.

Ohun tó ń dun àwa ni pé ríra iná kọ́ niṣẹ́, títọ́jú rẹ̀ niṣẹ́ wà. Wọ́n ṣe wáyà rẹ̀ lọ́nà tó fi jẹ́ pé bí gílóòbù kan bá kú, àwọn tó kù kò ní í kú tẹ̀lé e. Ó gbọ́dọ̀ ní jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀, nítorí níbi tí bàálù bá ti ń fi ẹ̀rọ wá ilẹ̀, iná ẹnu rọ́ńwéè kò gbọ́dọ̀ kọjá ìṣẹ́jú àáyá 15 kó tó padà tàn bí iná ìjọba bá lọ. Ṣùgbọ́n bí wọn kò bá ra dísù, tí wọn kò pààrọ̀ gílóòbù tó jó, tí wọn kò nu eruku ọyẹ́ kúrò lójú rẹ̀, tàbí tí olè bá gbẹ́ wáyà lọ tà, ẹ sọ fún wa, kí ni a fi rà á?

Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti gbéṣẹ́ àtúnṣe pápákọ̀ Ìbàdàn kalẹ̀ kó lè di ti ilẹ̀ òkèèrè. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ìmọ̀ràn tiwa ni pé kí wọ́n má ṣe wo gílááàsì tó ń dán àti táìlì ilẹ̀ ibi tí èrò ń jókòó nìkan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wo ojú ọ̀nà bàálù lálẹ́. Ọdẹ Ìjìó kì í wọ igbó òru kó gbàgbé iná sílé. Ta ló wá yẹ kó gbé èèyàn ọgọ́rùn-ún lọ́wọ́ lókè, kó má níná nílẹ̀?