Ṣé Ẹ̀rọ Ni Ó Jẹ̀bi?

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 2015, ẹ̀rọ tí ń ka káàdì ìdìbò kò dá ìka ọwọ́ Ààrẹ ìgbà náà, Goodluck Jonathan, mọ̀ ní Otuoke. Kíá ni àwọn oníròyìn kan kéde pé ẹ̀rọ náà kò wúlò. Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ méjì ni ó ń ṣe: ó ń dá káàdì ayédèrú mọ̀, ó sì ń fi ìka ọwọ́ wé èyí tí ó wà nínú káàdì. Bí iṣẹ́ oko bá ti sọ ìka di líle, ti kejì lè kùnà, kí ti àkọ́kọ́ sì yọrí. Níbòmíràn, òṣìṣẹ́ ni kò ṣí ọ̀rá ojú ẹ̀rọ kúrò. Ìdádúró náà dun olùdìbò lóòótọ́; síbẹ̀, kí a tó dá ẹ̀rọ lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí a wádìí ibi tí àléébù wà. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.