Olè Kòkó: Ẹ Jẹ́ Ká Di Ọjà Mọ́ Ọn



Láti ìgbà tí owó epo rọ̀bì ti gòkè ní 1973 ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń ya lọ sí ìlú ńlá. Abúlé wá ku àwọn àgbà. Ní 1986, ìjọba tú Kòkó Bọ́ọ̀dù ká, ẹnikẹ́ni tó bá lówó sì ń ra kòkó. Nígbà tí owó kòkó fò sókè ní 2024, oko tí kò sẹ́ni níbẹ̀ di oko olè.

Ẹ fi èyí sọ́kàn: olè kì í ní sùúrù. Àgbẹ̀ a máa bo kòkó fún ọjọ́ 5 tàbí 6 kó tó sá a sóòrùn. Olè kò lè dúró. Tútù ló ń tà á, ní ọ̀pọ̀. Ẹni tó ń ra kòkó tútù ló ń bọ́ olè.

Ohun tí ẹ ó ṣe nìyí:

1. Kí ẹgbẹ́ fẹnu kò pé ọmọ ẹgbẹ́ kankan kò gbọdọ̀ ra kòkó tútù.

2. Kí ẹ jọ máa wọn kòkó lójú kan. Kí akọ̀wé kọ orúkọ olóko, iye àpò àti ọjọ́ sílẹ̀.

3. Ẹ má jẹ́ kí èyí tó pọ́n pẹ́ lórí igi. Ẹ fi àáró ká a.

4. Ẹ fún ọ̀dọ́ abúlé ní ilẹ̀ àti ẹ̀yáwó. Ẹni tó lóko ló ń ṣọ́ oko.

5. Bí ọwọ́ bá tẹ olè, ẹ má lù ú. Ẹ fà á fún ọlọ́pàá tàbí Àmọ̀tẹ́kùn, èyí tí àwọn gómìnà ilẹ̀ Yorùbá dá sílẹ̀ ní 2020.

Ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Ire oko yóò bá yín kalẹ́ o.