Wárápá ní Ilẹ̀ Yewa: Ìmọ̀ Tuntun àti Ọ̀nà tí Ìtọ́jú Ń Gbà Dé Owódé

1. Ìfáàrà

Owódé tí iṣẹ́ yìí dá lé ni Owódé ti ilẹ̀ Yewa, ní ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù Yewa, Ìpínlẹ̀ Ògùn, ní agbègbè tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀gbádò kí orúkọ náà tó yí padà ní 1995. Ìlú ọjà ni. Ojú ọ̀nà tí ó ti Sango-Ọ̀tà wá, tí ó gba Àtàn kọjá, tí ó sì ń lọ sí ẹnubodè Ìdírókò, ni ó wà. Èrò kì í wọ́n níbẹ̀. Láàárín irú èrò bẹ́ẹ̀ ni wárápá ti máa ń tú àṣírí ẹni tí ó ń ṣe. Ènìyàn a dédé figbe ta, a ṣubú lulẹ̀, ara rẹ̀ a le gbagidi, apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n, ẹnu rẹ̀ a sì máa yọ ìfófó. Láàárín ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta, ohun gbogbo a ti rọlẹ̀, ṣùgbọ́n ìtìjú tí ó tẹ̀lé e kì í tán bọ̀rọ̀. Àwọn tí ó wà nítòsí a sún sẹ́yìn, nítorí ìgbàgbọ́ pé ẹni tí itọ́ náà bá kàn yóò kó àrùn náà. Láti ọjọ́ náà lọ, ọmọ lè má lọ sí ilé-ìwé mọ́, ọmọbìnrin lè má rí ọkọ fẹ́, aláta lè pàdánù oníbàárà.

Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi hàn kò ju ẹyọ kan lọ. Oògùn tí ó lè ká wárápá lọ́wọ́ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ayé. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Àwárí tuntun tí ó wúlò jù fún ìlú bí Owódé kì í ṣe ẹ̀rọ olówó ńlá, bí kò ṣe ìmọ̀ bí oògùn náà yóò ṣe dé ọ̀dọ̀ aláìsàn, tí aláìsàn náà yóò sì máa lò ó láìdáwọ́ dúró.

2. Gìrì àti wárápá

Nínú èdè Yorùbá, orúkọ méjì ni ó súnmọ́ ara wọn jù lórí ọ̀rọ̀ yìí. Gìrì ni ti ọmọdé tí ara rẹ̀ gbóná tí ó wá ń gbọ̀n. Wárápá ni ti ẹni tí ó ń ṣubú léraléra láìsí ibà lára rẹ̀. Ìyàtọ̀ tí àwọn àgbà ti rí yìí súnmọ́ èyí tí àwọn oníṣègùn òde òní ń ṣe. Gìrì tí ibà ń fà a máa mú ọmọ láti nǹkan bí oṣù mẹ́fà títí dé ọdún márùn-ún, púpọ̀ nínú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ni kì í sì í di alárùn wárápá. Ní 2014, ẹgbẹ́ àgbáyé tí ń gbógun ti wárápá, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1909, tún ìtumọ̀ àrùn náà ṣe. Lójú wọn, bí ó bá mú ènìyàn lẹ́ẹ̀mejì láìsí ohun kan pàtó tí ó tì í, tí àlàfo àárín méjèèjì sì ju wákàtí 24 lọ, wárápá ni. Ẹ̀ẹ̀kan péré náà lè tó, bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ó ṣeé ṣe gidigidi kí ó tún padà wá. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ó bá mú ènìyàn ni iṣẹ́ yìí yóò máa pè ní ìmúni.

Inú ọpọlọ ni ìmúni ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ a máa fi agbára mànàmáná kékeré ránṣẹ́ sí ara wọn. Ó dà bí ẹgbẹ́ onídùndún: ìyáàlù ń sọ̀rọ̀, àwọn omele ń gbè é, olúkúlùkù ló mọ ìgbà tí ó kàn án. Bí gbogbo wọn bá dédé kọlu awọ lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọn kò sì gbọ́ ti ìyáàlù mọ́, ariwo ni yóò kù. Ariwo bẹ́ẹ̀ nínú ọpọlọ ni ìmúni. Ní 1924, Hans Berger, oníṣègùn kan ní ilẹ̀ Jámánì, kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ gba ìró mànàmáná yìí sílẹ̀ láti orí ènìyàn. Ó gbé e jáde nínú ìwé ní 1929. Láti ìgbà náà ni ó ti ṣeé ṣe láti rí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lórí ìwé, bí ìlà tí ń lọ sókè sódò. Itọ́ kò ní ipa kankan nínú rẹ̀. Wárápá kì í ràn.

3. Wárápá tí kì í gbé ènìyàn ṣánlẹ̀

Ní 2017, ẹgbẹ́ àgbáyé kan náà tún ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pín ìmúni sí ọ̀wọ́ ṣe. Wọ́n bèèrè lákọ̀ọ́kọ́ ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀: ṣé apá kan ọpọlọ ni, tàbí ìhà méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà? Ìpín yìí jẹ́ kí ó hàn pé ọ̀pọ̀ ìmúni ni kò ní ìṣubú nínú. Ẹlòmíràn a kàn máa jẹ ẹnu lásán, a máa fa bọ́tìnnì aṣọ rẹ̀, kò sì ní gbọ́ bí wọ́n bá pè é. Apá kan ṣoṣo ni ó máa ń gbọ̀n lára ẹlòmíràn. Ọmọdé mìíràn a kàn dákẹ́, ojú rẹ̀ a ranjú fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, lẹ́yìn náà a máa bá ohun tí ó ń ṣe lọ. Èyí lè ṣẹlẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà lójúmọ́.

Nítorí pé ìṣubú ni gbogbo ènìyàn mọ̀ mọ́ wárápá, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í rí ẹni tí yóò mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Olùkọ́ lè rò pé ó ya ọ̀lẹ tàbí pé ọkàn rẹ̀ kò sí níbi ẹ̀kọ́. Ẹgba ni yóò jẹ dípò oògùn. Níbi tí orúkọ kò bá ti kárí gbogbo àrùn, ìtọ́jú náà kì í kárí rẹ̀.

4. Ohun tí ó ń fà á, àti iye àwọn tí ó ń ṣe

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ìrọbí tí ó pẹ́, tí afẹ́fẹ́ kò sì dé ọpọlọ ọmọ, lè fà á. Ibà tí ó gun ọpọlọ lè fà á, àti àrùn tí ń mú awọ tí ó bo ọpọlọ wú, tí wọ́n ń pè ní yínrùnyínrùn. Orí tí ó fi kọ́lẹ̀ nínú ìjàǹbá ọkọ̀ tàbí ọ̀kadà lè fà á, àti àrùn rọpárọsẹ̀ fún àwọn àgbàlagbà. Ọmọ aràn pẹlẹbẹ tí ó máa ń wà nínú ẹlẹ́dẹ̀ lè wọ ọpọlọ ènìyàn. Àwọn mìíràn jogún rẹ̀. Síbẹ̀, nínú nǹkan bí ìdajì àwọn tí ó ń ṣe lágbàáyé, ohun tí ó fà á kò hàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ìdá kan nínú mẹ́rin wárápá ni ó ṣeé dènà. Àwọn agbẹ̀bí tí ó mọṣẹ́, àwọ̀n ẹ̀fọn àti abẹ́rẹ́ àjẹsára jẹ́ oògùn wárápá kí wárápá tó dé.

Ẹ̀rí èyí kò jìnnà sí ilẹ̀ Yewa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun (1935–1995) ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ka iye àwọn tí ó ní àrùn ọpọlọ àti iṣan láti ojúlé dé ojúlé ní Ìbàràpá. Nínú ìwádìí kékeré tí wọ́n ṣe ní Ayétẹ̀, tí ó jáde ní 1982, wọ́n rí alárùn wárápá 37 nínú 1,000 ènìyàn. Ní Igbó-Ọrà, níbi tí wọ́n ti ka ènìyàn bí 19,000, èsì tí ó jáde ní 1987 kò ju 5.3 nínú 1,000 lọ. Ìlú méjèèjì súnmọ́ ara wọn, èdè kan náà ni wọ́n ń sọ. Àlàyé tí àwọn olùwádìí náà fi ọkàn sí ni pé ètò ìlera Igbó-Ọrà dára ju ti Ayétẹ̀ lọ. Láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń ṣe ètò ìlera ìgbèríko ní agbègbè náà. Bí ó bá jẹ́ èpè tàbí ayé ni ó ń fi wárápá ṣe ènìyàn, kò ní yẹ kí ìtọ́jú ìlera dín in kù.

Kíkà náà ní ìṣòro tirẹ̀. Ní òdìkejì ẹnubodè, ní Zinvié ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, àwọn olùwádìí pa ìwé ilé ìwòsàn àti ẹ̀rí àwọn ará àdúgbò pọ̀ mọ́ kíkà láti ojúlé dé ojúlé. Èsì wọn, tí ó jáde ní 2000, fi hàn pé àwọn tí kíkà láti ojúlé dé ojúlé nìkan rí kò tó ìdajì iye tí wọ́n ṣírò. Èyí kò lè ya ẹni tí ó mọ bí ìdílé ṣe ń fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́ lẹ́nu.

5. Oògùn àti lílò rẹ̀

Ní 1912 ni Alfred Hauptmann ní Jámánì ṣàkíyèsí pé phenobarbital ń dá ìmúni dúró. Phenytoin tẹ̀lé e ní 1938. Carbamazepine àti valproate bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọjà láàárín 1960 sí 1970. Láti ìgbà náà, oògùn tuntun bí levetiracetam, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà ní 1999, ti pọ̀ sí i. Níbi tí ohun èlò bá wà, iṣẹ́ abẹ lè mú apá ọpọlọ tí ń dá ariwo náà sílẹ̀ kúrò. Ìmọ̀ tuntun tún ti kìlọ̀ pé valproate lè ba ọmọ inú oyún jẹ́. Nítorí náà, obìnrin tí ó lè lóyún gbọ́dọ̀ bá dókítà sọ̀rọ̀, kì í ṣe kí ó dá oògùn dúró fúnra rẹ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé nǹkan bí 50 mílíọ̀nù ènìyàn ni ó ní wárápá láyé, pé nínú 100, ó tó 70 tí ó lè wà láìsí ìmúni bí wọ́n bá rí ìtọ́jú tí ó yẹ. Síbẹ̀, mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn tí ó wà ní ilẹ̀ aláìní kò rí ìtọ́jú náà, bẹ́ẹ̀ oògùn tí ó rọrùn jù kò ju bíi dọ́là márùn-ún lọ lọ́dún.

Ìdáwọ́dúró ni ọ̀tá oògùn yìí. Aláìsàn tí kò ṣubú fún oṣù mẹ́ta lè rò pé ó ti san. Oníṣòwò tí ń ná ọjà ìsọdá Ìdírókò lè gbàgbé oògùn sílé. Ìdáwọ́dúró òjijì lè mú kí ìmúni máa tẹ̀lé ìmúni láìsinmi, èyí sì lè pa ènìyàn. Ó kéré tán, ọdún méjì láìsí ìmúni ni dókítà máa ń retí kí ó tó ronú àtidín oògùn kù.

6. Láti Aró dé ilé ìlera àdúgbò

Ní 1954 ni Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Aró, Abẹ́òkúta. Ó gba àwọn aláìsàn láàyè láti bá ẹbí wọn gbé ní àwọn abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká, ó sì pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé ìtọ́jú kò gbọ́dọ̀ yà ènìyàn kúrò láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà Aró jìn sí Owódé fún ẹni tí yóò lọ gba oògùn lóṣooṣù, tí owó ọkọ̀ sì lè ju owó oògùn lọ.

Ní 2011, ilé ìwòsàn Aró bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí ó gbé ìtọ́jú náà lọ sí àwọn ilé ìlera alábọ́ọ́dé káàkiri Ìpínlẹ̀ Ògùn. Wọ́n kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìlera ìgbèríko bí wọn yóò ṣe mọ àwọn àrùn kan, tí wọn yóò sì fún aláìsàn ní oògùn. Wárápá wà lára àwọn àrùn náà. Ní 2022, ìpàdé Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí ètò ọdún mẹ́wàá lórí wárápá àti àwọn àrùn iṣan mìíràn. Ohun tí ètò náà ń béèrè fún kò yàtọ̀ sí èyí: kí ìtọ́jú wà nítòsí ilé.

Ilé náà ní ipa tirẹ̀. Bí ó bá mú ènìyàn, kí wọ́n gbé ohun líle kúrò nítòsí orí rẹ̀, kí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dùbúlẹ̀, kí wọ́n sì máa wo aago. Wọn kò gbọ́dọ̀ ki ṣíbí bọ ẹnu rẹ̀, wọn kò gbọ́dọ̀ ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná, wọn kò sì gbọ́dọ̀ fi ata sí i lójú. Àgbo ìtọ̀ màlúù àti ewé tábà tí wọ́n máa ń fún ọmọ tí gìrì mú ti pa ọ̀pọ̀ ọmọ; ó ń dín ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kù, ó sì ń tẹ èémí rì. Bí ìmúni bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ilé ìwòsàn ló kàn.

7. Àgbálọgbábọ̀

Ìmọ̀ ti fi hàn pé wárápá jẹ́ àrùn ọpọlọ, pé kì í ràn, pé ó ní ju ojú kan lọ, pé oògùn rẹ̀ kò wọ́n. Èyí tí ó kù ni kí ọ̀rọ̀ náà dé etí olùkọ́, agbẹ̀bí, oníṣègùn ìbílẹ̀ àti ìyá ọmọ ní èdè tí wọ́n gbọ́. Ìlera ni oògùn ọrọ̀. Ìlú tí ó ń jẹ́ Owódé kò ní jẹ èrè orúkọ rẹ̀ tán níwọ̀n ìgbà tí ọmọ kan bá ṣì jókòó sí ìyẹ̀wù, tí wọ́n fi pamọ́ fún àlejò nítorí àrùn tí hóró oògùn kan lóòjọ́ lè ká lọ́wọ́.